Ta ni Ahmed Baba, àáfáà Timbuktu tí ìbọn kó ìwé rẹ̀ lọ, tí kámẹ́rà àti AI ń wá irú ìwé rẹ̀ kiri lónìí?

Ní ọdún 1615, ní ìlú Timbuktu, àáfáà àgbà kan ki kálámù bọ inú tàdáwà, ó sì kọ orúkọ àwọn ẹ̀yà kan tí ilẹ̀ wọn jìnnà sí tirẹ̀ sílẹ̀ ní èdè Lárúbáwá. Lára orúkọ tó kọ ni Yorùbá.

Àwọn òpìtàn gbà pé ìwé yìí wà lára àkọsílẹ̀ tó pẹ́ jù lọ tí orúkọ náà ti jẹyọ. Nígbà náà, ó ṣì ku ohun tó lé ní igba ọdún kí Samuel Ajayi Crowther tó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá rẹ̀ jáde.

Àmọ́ ìyìn kọ́ ló gbé orúkọ náà wọ inú ìwé. Ó wà nínú àtòjọ àwọn ẹ̀yà tí òǹkọ̀wé náà kà sí kèfèrí, tí òfin ẹ̀sìn, lójú tirẹ̀, kò sì dáàbò bò lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kó wọn lẹ́rú.

Orúkọ òǹkọ̀wé náà ni Ahmed Baba. Òun fúnra rẹ̀ ti jẹ ìyà ìgbèkùn rí. Wọ́n ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, wọ́n sì ti kó ìwé 1,600 lọ́wọ́ rẹ̀.

Lónìí, orúkọ rẹ̀ ni ìjọba Mali fi sọ ilé ìwádìí tó ń tọ́jú ìwé àfọwọ́kọ ní Timbuktu. Kámẹ́rà ń ya irú àwọn ìwé bẹ́ẹ̀ sórí ayélujára, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà sì ń kọ́ AI bí yóò ṣe máa ka ìkọ̀wé wọn.

Ta wá ni ọkùnrin yìí? Kí sì ni ìgbésí ayé rẹ̀ lè kọ́ àwọn tó ń gbé ìwé ilẹ̀ Áfíríkà sínú ẹ̀rọ?

Inú ìwé ni wọ́n bí i sí

Ọdún 1556 ni wọ́n bí Ahmed Baba sínú ìdílé Aqit. Ẹ̀yà Sanhaja tó wá láti aṣálẹ̀ ni ìdílé náà, wọ́n sì ti di ìdílé ńlá ní Timbuktu. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ọ̀rúndún náà, inú ìdílé yìí ni wọ́n ti ń yan Kádì, ìyẹn adájọ́ àgbà ìlú.

Abẹ́ ìjọba Songhai ni Timbuktu wà nígbà náà. Iyọ̀ ń wá láti aṣálẹ̀, wúrà ń wá láti gúúsù, ìwé sì ń wá láti àríwá lórí ràkúnmí. Arìnrìnàjò tí wọ́n ń pè ní Leo Africanus, tó dé ìlú náà níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yẹn, ròyìn pé èrè tó wà nídìí títa ìwé níbẹ̀ ju ti ọjà mìíràn lọ.

Bàbá Ahmed Baba jẹ́ onímọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ àti ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Àmọ́ olùkọ́ tó bọ̀wọ̀ fún jù ni Muhammad Baghayogho, àáfáà ọmọ Wangara tó wá láti Djenné. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tó fi kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ìwà olùkọ́ yìí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ títí ọjọ́ alẹ́. Ó ròyìn nínú ìwé rẹ̀ pé Baghayogho kì í fi ìwé dù ẹnikẹ́ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ̀ rí lè fi ìwé pélébé ránṣẹ́ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kí ó kọ orúkọ ìwé tó ń wá síbẹ̀. Bàbá náà yóò dìde, yóò wá ìwé náà jáde, yóò sì yá a. Púpọ̀ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni kì í padà wá.

Láyé tí ẹnì kan ní láti jókòó fi ọwọ́ kọ gbogbo ìwé láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìgbẹ̀yìn, ọrẹ ńlá nìyẹn. Adàwékọ ló ń kọ ọ́, ẹlòmíràn á sì tún un kà láti ṣe àtúnṣe sí àṣìṣe. Níparí àwọn ìwé kan, orúkọ àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà àti iye owó tí wọ́n gbà ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Ọjọ́ tí ìbọn dé

Ní oṣù Kẹta ọdún 1591, ọmọ ogun Mòrókò kọlu ti Songhai ní Tondibi, nítòsí ìlú Gao. Ọba Mòrókò, Ahmad al-Mansur, ló rán wọn la Sàhárà kọjá, torí wúrà àti iyọ̀ ilẹ̀ náà. Àwọn ọmọ ogun Songhai pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ àti ọfà ni wọ́n gbé wá. Ìbọn ni ará Mòrókò gbé, ìbọn ló sì borí.

Àwọn àáfáà Timbuktu kò fara mọ́ ìjọba tuntun náà. Nígbà tó di ọdún 1593, olórí ogun tó ń jẹ́ Mahmud ibn Zarqun pe àwọn ènìyàn ńlá ìlú jọ sí mọ́ṣáláṣí Sankore, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ wá búra ìtẹríba. Bí wọ́n ṣe wọlé tán ni wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn.

Wọ́n pa lára wọn. Wọ́n kó ìdílé Aqit lápapọ̀, wọ́n sì kó ẹrù ilé wọn. Ahmed Baba, tó ti tó ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì, wà lára àwọn tí wọ́n mú.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n kó wọn la aṣálẹ̀ kọjá lọ sí Marrakesh nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Lójú ọ̀nà, Ahmed Baba já bọ́ lórí ràkúnmí, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Wọ́n dé Marrakesh láàárín ọdún 1594, wọ́n sì tì wọ́n mọ́lé. Ọdún 1596 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò gbà kó padà sílé.

Ìbéèrè rẹ̀ níwájú ọba

Àwọn òpìtàn Mòrókò ròyìn ìpàdé òun àti al-Mansur lẹ́yìn tí wọ́n tú u sílẹ̀. Nígbà tó dé ààfin, ọba jókòó sẹ́yìn aṣọ ìkélé, ohùn rẹ̀ nìkan ni àlejò ń gbọ́. Ahmed Baba kò dáhùn. Ó ní Ọlọ́run nìkan ló ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn gàgá, bí ọba bá sì fẹ́ bá òun sọ̀rọ̀, kó jáde síta. Ọba ká aṣọ náà kúrò.

Ẹlẹ́wọ̀n àná náà wá béèrè ìdí tí wọ́n fi fọ́ ilé òun, tí wọ́n kó ìwé òun, tí wọ́n sì fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ gbé òun wá láti Timbuktu títí tí òun fi já bọ́ lórí ràkúnmí tí ẹsẹ̀ òun fi kán. Ọba dáhùn pé ńṣe ni òun fẹ́ kí ilẹ̀ Mùsùlùmí di ọ̀kan. Ahmed Baba bi í pé kí ló dé tí kò fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn Tọ́kì tó wà nítòsí rẹ̀.

Nínú àròyé rẹ̀ ni iye ìwé náà ti jẹyọ: 1,600. Ó tún fi kún un pé nínú gbogbo ẹbí òun, òun lòun ní ìwé tó kéré jù.

Ìgbèkùn di ilé ẹ̀kọ́

Àwọn onímọ̀ Marrakesh rọ̀ ọ́ láti máa kọ́ni. Ó jókòó sí mọ́ṣáláṣí, akẹ́kọ̀ọ́ sì ń wá láti ìlú dé ìlú. Al-Maqqari, tó wá di gbajúmọ̀ òpìtàn lórí ilẹ̀ Andalusia, wà lára àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìyàlẹ́nu ló jẹ́ pé ìlú tó kó o nígbèkùn ló tún ń wá ìdájọ́ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn.

Ibẹ̀ náà ló ti parí ìwé rẹ̀ tó lókìkí jù, Nayl al-Ibtihaj, ní ọdún 1596. Ìtàn ìgbésí ayé àwọn onímọ̀ tó tẹ̀ lé ìlànà Maliki ni ìwé náà, àwọn ènìyàn tó wà níbẹ̀ sì tó ẹgbẹ̀rin. Ó kọ orúkọ onímọ̀ kọ̀ọ̀kan, olùkọ́ rẹ̀, ìwé tó kọ àti ọdún tó kú. Ó fi àwọn àáfáà Timbuktu sáàárín ti Cairo, Fez àti Granada, bí ẹgbẹ́ ṣe ń bá ẹgbẹ́ jókòó.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà yóò rí i pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ dà bí dátábéèsì. Àwọn olùwádìí òde òní máa ń kó irú àkọsílẹ̀ yìí sínú ẹ̀rọ láti fi ya àwòrán bí ìmọ̀ ṣe rìn: ta ló kọ́ ta, ìlú wo ni ìwé ti wá, ìlú wo ló gbà á. Iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe yìí, ọkùnrin kan tí ìwé rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ ló fi ọwọ́ to ohun èlò rẹ̀ jọ ní ìgbèkùn.

Al-Mansur kú ní ọdún 1603. Ọmọ rẹ̀, Mawlay Zaydan, ló gbà kí Ahmed Baba máa lọ sílé, ó sì padà wọ Timbuktu ní ọdún 1608. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n jọ kó lọ ti kú sí àjò.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ohun tí ọba Mòrókò ṣe fún ẹlòmíràn dé bá ìdílé ọba fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1612, Mawlay Zaydan ń sá fún ọ̀tá, ó sì kó ìwé rẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi kan. Ọkọ̀ ogun Sípéènì gba ọkọ̀ náà lójú òkun, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé àfọwọ́kọ sì bọ́ sí ilé ìkàwé El Escorial nítòsí Madrid.

Ibẹ̀ ni èyí tó ṣẹ́ kù nínú wọn wà títí dòní. Ní ọdún 2013, Sípéènì fún Mòrókò ní ẹ̀dà àwòrán àwọn ìwé náà. Ìwé gan-an kò kúrò níbi tó wà.

Ìwé tó dárúkọ Yorùbá

Lẹ́yìn tí Ahmed Baba padà délé, àwọn ará Tuwat, ilẹ̀ kan nínú aṣálẹ̀ tó ti di ara Algeria lónìí, kọ̀wé sí i. Ọ̀nà tí wọ́n ń kó ẹrú gbà kọjá ni ilẹ̀ wọn. Wọ́n fẹ́ mọ̀ nínú àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n ń kó wá tà, àwọn wo ni òfin gbà kí wọ́n rà, àwọn wo ni kò gbà.

Èsì rẹ̀ ni ìwé tí wọ́n ń pè ní Mi'raj al-Su'ud. Ó ní àwọ̀ ara kò sọ ẹnikẹ́ni di ẹrú. Ó ta ko àwọn tó ń sọ pé ègún tó wà lórí Hamu ọmọ Nóà ló sọ ènìyàn dúdú di ẹrú. Ó ní ẹni tó bá ti wá láti ilẹ̀ Mùsùlùmí bíi Bornu, Kano, Katsina tàbí Songhai, òmìnira ni tirẹ̀, àìṣòdodo sì ni títà á. Bí ẹni tí wọ́n fẹ́ tà bá ní Mùsùlùmí lòun láti ilẹ̀ òun, ẹni tó ń tà á ló ní láti mú ẹ̀rí wá.

Lẹ́yìn èyí ló wá dárúkọ àwọn tí ààbò yìí kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Mossi wà níbẹ̀. Gurma, Busa, Borgu, Dagomba, Kotokoli àti Bobo wà níbẹ̀. Yorùbá náà wà níbẹ̀.

Nítorí náà, ìwé kan ṣoṣo ló ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn kan, tó sì tì í mọ́ àwọn mìíràn. Àwọn kan lónìí ń fi Ahmed Baba yangàn pé ó gbógun ti ẹlẹ́yàmẹ̀yà nídìí òwò ẹrú. Àwọn mìíràn ní òfin òwò ẹrú náà ló kọ sílẹ̀. Inú ìwé kan náà ni àwọn méjèèjì ti rí ẹ̀rí.

Ohun mìíràn tún wà tí àtòjọ náà kò sọ. Àwọn òpìtàn gbà pé àwọn ará Ọ̀yọ́ ni ará àríwá sábà ń pè ní Yorùbá nígbà náà, kì í ṣe gbogbo àwọn tó ń jẹ́ orúkọ náà lónìí. Ọ̀pọ̀ sì gbà pé láti ara orúkọ Mali ni Yorùbá ti mú Ìmàle, orúkọ tí wọ́n fi ń pe ẹ̀sìn Ìsìláàmù, torí láti ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò apá ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀nà tí orúkọ Yorùbá gbà dé Timbuktu ni ẹ̀sìn náà gbà wá. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àáfáà náà fi dárúkọ gbogbo wọn, ó sì kọjá lọ.

Ahmed Baba kú ní Timbuktu ní ọjọ́ Kejìlélógún oṣù Kẹrin ọdún 1627, lẹ́ni àádọ́rin ọdún. Iye ìwé tó kọ lé ní 40. Ìwé 1,600 tí wọ́n kó lọ́wọ́ rẹ̀ kò padà.

Ìbọn tún padà dé

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, inú ìdílé ni ìwé Timbuktu ń gbé. Wọ́n tọ́jú wọn sínú àpótí, àwọn mìíràn bò wọ́n mọ́ inú iyanrìn nígbà tí àwọn Faransé dé. Ikán jẹ nínú wọn, òjò sì ba òmíràn jẹ́.

Ní ọdún 1973, ìjọba Mali ṣí ibùdó ìwádìí kan ní Timbuktu láti máa kó àwọn ìwé náà jọ, wọ́n sì fi orúkọ Ahmed Baba sọ ọ́. Ní ọdún 2009, South Africa bá wọn parí ilé tuntun fún ibùdó náà.

Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, àwọn agbébọn gba Timbuktu. Nígbà tí wọ́n ń sá lọ ní oṣù Kìíní ọdún 2013, wọ́n dáná sun ìwé tó tó 4,200 ní ibùdó Ahmed Baba.

Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé èyí tó pọ̀ jù ti kúrò nílùú. Ibùdó náà ti rọra kó ọ̀pọ̀ ìwé rẹ̀ jáde. Abdel Kader Haidara, tó ń tọ́jú ìwé ìdílé tirẹ̀, àti ọ̀pọ̀ ìdílé mìíràn náà ti kó tiwọn sínú àpótí irin. Wọ́n fi mọ́tò gbé e, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lórí Odò Ọya, títí tí wọ́n fi dé Bamako. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà ní ìwé tí wọ́n kó kọjá lé ní 350,000.

Láàárín ọdún 1593 sí 2013, ó lé ní irínwó ọdún. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan náà ló ṣẹlẹ̀: ẹni tó gbé ìbọn dé ìlú ìwé, ìwé kò sì ní ẹsẹ̀ tó lè fi sá.

Bí kámẹ́rà ṣe ń ṣe é

Èyí ló mú kí ọ̀rọ̀ kámẹ́rà di kánjúkánjú. Láti ọdún 2013, ilé ìkàwé Hill Museum & Manuscript Library tó wà ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà ti ń bá àwọn ará Mali ṣiṣẹ́ láti ya àwọn ìwé náà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, Google náà gbé ohun tó lé ní 40,000 ojú ewé sórí ayélujára.

Iṣẹ́ náà kò yá bí ènìyàn ṣe lè rò. Wọ́n á kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku kúrò lára ìwé. Púpọ̀ nínú ìwé Timbuktu ni wọn kò rán pọ̀, ewé kọ̀ọ̀kan dá dúró nínú èèpo awọ, nítorí náà bí ewé kan bá ṣí kúrò láàyè rẹ̀, ìtàn ti dàrú nìyẹn. Wọ́n á ya ojú ewé kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà, lẹ́yìn náà ni onímọ̀ á jókòó kà á láti mọ ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó dà á kọ, ọdún tó kọ ọ́ àti ohun tó dá lé lórí.

Ìwé tí kò bá ní àkọsílẹ̀ yìí dà bí ẹrù tí wọ́n jù sínú ilé ìkẹ́rù láìkọ orúkọ sí i lára. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò rí i?

Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń kàwé

Ibí yìí ni àwọn kan ti ní kí AI wá ran ènìyàn lọ́wọ́. Ó ṣeé ṣe lónìí láti kọ́ ẹ̀rọ kí ó máa wo àwòrán ìwé àfọwọ́kọ, kí ó sì sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè fi kọ̀ǹpútà wá. Àwọn onímọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Faransé ti gbé àkójọ kan jáde ní ọdún 2021 láti fi kọ́ ẹ̀rọ ní ìkọ̀wé Maghribi, irú ìkọ̀wé Lárúbáwá tí àwọn ará Mòrókò ń lò, tó sì jẹ́ mọ̀lẹ́bí ti Timbuktu.

Ìṣòro kan tó wà níbẹ̀ yé ẹni tó bá ń kọ Yorùbá dáadáa. Nínú ìkọ̀wé Lárúbáwá tí wọ́n ń lò ní Cairo, lẹ́tà tó ń dún bíi f ní àmì tótó kan lórí, èyí tó ń jẹ́ qaf sì ní méjì lórí. Nínú ìkọ̀wé Maghribi, abẹ́ ni àmì tótó ti f wà, ẹyọ kan ló sì wà lórí qaf. Ẹ̀rọ tó bá ti ìwé Cairo kẹ́kọ̀ọ́ yóò ka qaf Timbuktu sí f. Bí ẹ̀rọ tí kò mọ àmì abẹ́ ọ̀rọ̀ ṣe máa ń sọ ọ̀tá di ota gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Bákan náà, Lárúbáwá kì í sábà kọ fáwẹ̀lì kéékèèké sílẹ̀, òǹkàwé ló ń fi tirẹ̀ sí i. Ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní ṣìnà. Àmọ́ nígbà tó bá kan orúkọ ìlú tàbí orúkọ ẹ̀yà ilẹ̀ Áfíríkà, ẹni tí kò gbọ́ ọ rí yóò kàn méfò ni. Àwọn àkọsílẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ìwé tún wà, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ní ìdábùú yí ọ̀rọ̀ gangan ká. Àwọn kan kò tilẹ̀ kọ Lárúbáwá, èdè Songhay, Fúlàní tàbí Haúsá ni wọ́n fi álífábẹ́ẹ̀tì Lárúbáwá kọ.

Nítorí náà, ẹ̀rọ kò lè dá ṣe é. Ènìyàn ló ń kọ́kọ́ ka ọgọ́rọ̀ọ̀rún ojú ewé fún un kó tó mọ̀ ọ́n, ènìyàn náà ló sì ń tún èyí tó bá kà yẹ̀ wò. Iṣẹ́ ẹni tó ń ṣàtúnṣe ẹ̀yìn adàwékọ, tí wọ́n ń sanwó fún ní Timbuktu ayé àtijọ́, kò tíì parí.

Ìwé Mi'raj tún fi ohun tó léwu jù hàn. Ẹ̀rọ lè wá gbogbo ibi tí orúkọ Yorùbá ti jẹyọ jáde láàárín ìṣẹ́jú akàn. Àmọ́ bí ẹnì kan bá bi AI léèrè bóyá Ahmed Baba fọwọ́ sí òwò ẹrú, tí ẹ̀rọ sì dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, àṣìṣe ni méjèèjì. Ènìyàn ní láti mọ ẹni tó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tí ojú òun fúnra rẹ̀ ti rí, àwọn tó ń dáàbò bò, àti àwọn tó fi sílẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ta ló ni ẹ̀dà?

Ọ̀rọ̀ mìíràn tó ń fa àríyànjiyàn ni ibi tí àwòrán ìwé ń gbé. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó gbé wọn dúró wà lókè òkun. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó wà ní Minnesota tàbí London lè ṣí ojú ewé náà nínú yàrá rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Timbuktu, níbi tí iná mànàmáná ti ń ṣe ségesège, lè má rí i ṣí.

Àwọn kan ní ìyẹn sàn ju kí ìwé jóná láìní ẹ̀dà lọ, wọn kò sì parọ́. Ohun tí iná jó ní ọdún 2013, tí ẹnikẹ́ni kò bá ti ya àwòrán rẹ̀ ṣáájú, ti lọ ráúráú. Àwọn mìíràn ní wọ́n gbé Ahmed Baba lọ sí Marrakesh, ará Marrakesh ló sì jàǹfààní ìmọ̀ rẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlá. Wọn kò fẹ́ kí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ sí ìwé.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìjọba Mali bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ òfurufú kó àwọn ìwé náà padà láti Bamako sí Timbuktu. Àpótí tó lé ní 200 ni wọ́n kọ́kọ́ kó. Ewu kò tíì kúrò ní àríwá Mali, ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú ti ń béèrè fún ìwé wọn láti ọjọ́ pípẹ́.

Ní ìhà Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà. Ní Ìlọrin, Kano àti Borno, àwọn ìdílé àáfáà ṣì ní ìwé àfọwọ́kọ nínú àpótí. Ní Ìlọrin, àwọn kan wà lára wọn tó jẹ́ pé èdè Yorùbá ni wọ́n fi álífábẹ́ẹ̀tì Lárúbáwá kọ, èyí tí wọ́n ń pè ní Ajami. Ẹni tó gbọ́ Lárúbáwá àmọ́ tí kò gbọ́ Yorùbá kò lè kà á já. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá àmọ́ tí kò mọ álífábẹ́ẹ̀tì náà kò lè bẹ̀rẹ̀ rárá. Ẹ̀rọ tí àwọn méjèèjì kò bá kọ́ kò ní mọ ohunkóhun nínú rẹ̀.

Nígbà tí orúkọ Yorùbá wọ inú ìwé Ahmed Baba, kò sí ọmọ Yorùbá kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ará Tuwat ló béèrè, ará Timbuktu ló dáhùn. Ní báyìí tí wọ́n ń gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ sínú ẹ̀rọ, àwọn ọ̀dọ́ tó lè ka èdè méjèèjì wà ní ilé kéwú àti fásitì káàkiri Ìlọrin, Ìbàdàn àti Ìwó. Iṣẹ́ wà fún wọn níbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá lè pè wọ́n sí i.